Ohun Tó Wà Nínú Ìgò Kọ́ Ló Jókòó Sórí Wúrà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù kọkànlá, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ilẹ̀ ti máa ń ṣú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo kán omi ẹyọ kan sórí wúrà. Wúrà náà kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n sì tẹ́ ẹ lé orí gíláàsì. Mo fojú sí kámẹ́rà. Omi ò tẹ́rẹrẹ, ńṣe ló ká ara rẹ̀ jọ roboto bí ìgbà tó bọ́ sórí ewé kókò. Kọ̀ǹpútà ka igun tí ẹ̀kán omi náà fi kanlẹ̀: dìgírì 107. Mo nù ún, mo kán òmíràn sí apá kejì: 108. Bẹ́ẹ̀ mo ti jókòó ṣe ìṣirò tèmi láti ilé pé nǹkan bí 75 ni máa rí. Mo gbé ìgò tí mo fi po nǹkan wò, mo yẹ ìwé mi wò, mo tún ìṣirò ṣe. Ìpopọ̀ náà pé: ìdajì eléyìí, ìdajì ìyẹn, ọgbọọgba. Nínú èmi, ìgò àti wúrà, ẹnì kan ń parọ́, ọkàn mi sì lọ sọ́dọ̀ wúrà.

Kí n kọ́kọ́ là á yé ẹni tí kì í ṣe ọ̀nà yìí ló ń tọ̀. Bí a bá ki wúrà tó mọ́ bọ inú ethanol, ìyẹn ọtí gan-an, tí a ti po thiol díẹ̀ sí, àwọn thiol á to ara wọn jọ sórí wúrà láìsí pé ẹnikẹ́ni tò wọ́n. Àwa tó ń ṣe é ń pe awọ tó bá tibẹ̀ jáde ní SAM. Thiol kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹ̀wọ̀n kábọ̀n ni, tí imí ọjọ́ wà ní ìdí rẹ̀. Imí ọjọ́ yẹn náà la ń kà nínú Bíbélì pé ó rọ̀ sórí Sódómù, òórùn rẹ̀ sì jọ bẹ́ẹ̀: ẹ ṣí ìgò thiol kúkúrú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, gbogbo àjà ilé yẹn á gbọ́ sí i. Àmọ́ imí ọjọ́ fẹ́ràn wúrà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá ti fara kan ara wọn, ìdí ló máa fi jókòó. Ìyókù ẹ̀wọ̀n náà á dìde sókè, á fara ti ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn á sì fì sí ìhà kan, ní igun tó tó nǹkan bí 30, bí igi àgbọn etí òkun Bàdágìrì tí afẹ́fẹ́ ti ń tì láti kékeré.

Àga àwọn èèyàn yìí súnmọ́ra gan-an. Ìdajì nánómítà ló wà láàárín ẹnì kan sí ìkejì, nánómítà kan sì ni ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà. Lórí wúrà tí ìbú àti òòró rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, mólékúlù tó máa jókòó ju 400 tírílíọ̀nù lọ. Síbẹ̀ awọ náà lápapọ̀ kò ga ju nánómítà méjì àti díẹ̀, bó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n oníkábọ̀n 18 la lò. Orí ẹ̀wọ̀n ló ń kojú ayé. Bí orí bá jẹ́ ti ọ̀rá, omi á sá fún un, igun rẹ̀ á lé ní 110. Bí ó bá jẹ́ orí tó ní ọ́síjìn àti háídírójìn, omi á tẹ́ sórí rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní.

Kí ló dé tí a fi ń pa méjì pọ̀? Iṣẹ́ tí mo bá lọ síbẹ̀ ni pé ká ṣe wúrà tó lè dá DNA àìsàn kan mọ̀. Ẹ máa so okùn DNA mọ́ wúrà, kí ó máa dúró de ìkejì rẹ̀. Àmọ́ bí okùn wọ̀nyẹn bá kún ibẹ̀ fọ́fọ́, kò sí ẹni tó máa ráyè na ọwọ́. Ẹ ní láti fi àwọn kúkúrú há wọn láàárín. Herne àti Tarlov ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní 1997: wọ́n fi mercaptohexanol, thiol oníkábọ̀n mẹ́fà, tẹ̀ lé DNA sórí wúrà, ó sì gbá àwọn okùn tó kàn sùn gbọrọ sórí wúrà kúrò, àwọn tó kù dìde dúró. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ló ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan DNA lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní ó wọ́n jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ó ní kí n fi méjì tí kò wọ́n kọ́ ọwọ́ mi ná: octadecanethiol, oníkábọ̀n 18, tí kò fẹ́ rí omi sójú, àti mercaptohexanol náà, tí omi jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé mi, mo sọ àkọ́kọ́ ní Agùntáṣọọ́lò, mo sọ ìkejì ní Kúkúrú. Orúkọ yẹn ni mo máa pè wọ́n níbí náà, nítorí ẹnu ń dun èèyàn láti pe èyí tó kù.

Ọ̀gá yìí, obìnrin ni, ọdún tó fi jù mí lọ á sún mọ́ ogún. Gbogbo wọn ní láàbù ń pe orúkọ rẹ̀ gbẹdọ̀ẹ̀. Èmi ò lè ṣe é. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìpe orúkọ kankan, máa kàn dúró sí iwájú tábìlì rẹ̀ títí á fi gbójú sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, mo gbé 107 lọ́wọ́. Ó wò ó, ó wo bí mo ṣe po nǹkan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé ìgò ló ń pín àga?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé, tí mo gbé sùn.

Ẹ wo òde ìnáwó. Bí alága bá ké sí ìdajì ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan àti ìdajì ará àdúgbò, tó sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé ìdajì ìdajì ni wọ́n máa jókòó sí iwájú? Rárá o. Àwọn tó mọ ara wọn á mú ara wọn lọ́wọ́, ẹnì kan á gbé àpò sórí àga mẹ́ta de ẹlòmíràn. Ohun tí Agùntáṣọọ́lò ń ṣe lórí wúrà nìyẹn. Gbogbo kábọ̀n tó wà lára ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ló ń fà mọ́ ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kábọ̀n 18 sì ju mẹ́fà lọ níbi ká fà mọ́ra. Ẹ tún wo ọ̀dọ̀ ọtí. Agùntáṣọọ́lò dà bí òróró nínú ethanol: ó ń fara dà á ni, kò gbádùn ibẹ̀, ibi tó bá ti ráyè ló máa sá jáde sí. Kúkúrú ní tiẹ̀, ilé baba rẹ̀ ni ethanol. Kò sí ohun tó ń lé e.

Èyí tó wá burú jù ni pé àga yẹn kì í ṣe ti ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, wúrà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ná, ẹni tó bá bọ́ síbẹ̀ ló bọ́ síbẹ̀. Àmọ́ mo ń fi wúrà mi sílẹ̀ sínú ìgò di ọjọ́ kejì, wákàtí 18, bí gbogbo ìwé ṣe wí, kí awọ náà lè to ara rẹ̀ dáadáa. Láàárín wákàtí yẹn, Kúkúrú á dìde, á padà sínú ọtí, Agùntáṣọọ́lò á gba àga rẹ̀. Agùntáṣọọ́lò kì í sábà dìde. Tó bá fi máa di àárọ̀, ìdajì tí mo fi ọwọ́ ara mi wọ̀n ti di ìtàn. Mo gbìyànjú láti yọ wúrà lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n lè bá wọn kí wọ́n tó pààrọ̀ ipò. Iye tí mo rí yàtọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n awọ náà kún fún ihò bí àwọ̀n, kò sí ohun tí ẹ lè fi ṣe.

Bain àti Whitesides ti sọ gbogbo èyí ní Harvard ní 1988. Èmi ò kà á títí mo fi jìyà tán. Wọ́n mú thiol méjì tí orí àwọn méjèèjì fẹ́ràn omi, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Bí ẹ bá tẹ́ gígùn nìkan, omi á tẹ́ sórí rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́ kúkúrú nìkan, omi á tẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, omi ò tẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́! Ìdí ni pé orí gígùn yọ jù, ó tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rá wá hàn síta. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Omi ń bá ohun tó wà lókè pàdé ni, kò mọ ohun tí ẹ kọ sára ìgò.

Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín Agùntáṣọọ́lò kù. Lápapọ̀, mílímólà kan ni gbogbo thiol inú ìgò, n kì í yí ìyẹn padà. Mo fi Agùntáṣọọ́lò kan sí Kúkúrú mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà kan sí 19, kan sí 49, kan sí 99. Ìyẹn gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, wúrà tí mo bà jẹ́ kò ṣeé kà fún ọmọlúàbí. Nígbà tí mo fa ìlà sórí ìwé, kò gùn tààrà láti òkè wá sísàlẹ̀ bí mo ṣe rò. Ó dúró sókè pátápátá fún ìgbà pípẹ́, Agùntáṣọọ́lò ń jẹ gàba bó ti wù kí n dín in tó, àfi ìgbà tó kù díẹ̀ gan-an, ló bá já wálẹ̀ lójijì bí ẹni tó já sí kòtò. Ibi tí mo ti lè rí ìdajì wà ní ojú kòtò yẹn, níbi tí àṣìṣe kékeré níbi wíwọ̀n ti máa sọ 75 di 95. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí ọ̀gá fi ń fi pìpẹ́ẹ̀tì kan náà, ohun tí a fi ń wọn omi díẹ̀díẹ̀, ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, tí kì í yá ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń yọ̀ pé mo ti mọ̀ ọ́n, nọ́ńbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í já mi kulẹ̀. Ìpopọ̀ kan náà, lọ́jọ́ Ajé 72, lọ́jọ́rú 88. Mo lo ọ̀sẹ̀ kan lórí pé bóyá thiol ló ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́dọ̀ thiol rárá, ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni ìdáhùn ti wá.

Àǹtí mi ń ta góòlù ní Balógun, ní Èkó. Mo máa ń pè é lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ yẹn mo kàn bi í léèrè lásán.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé góòlù máa ń dọ̀tí?”

“Góòlù kẹ̀? Ojúlówó kì í dọ̀tí. Ta ló tà á fún ẹ?”

“Rárá o, mi ò ra nǹkan kan. Mo ṣáà rántí pé ẹ máa ń fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́.”

“Ọ̀rá ara èèyàn ni mò ń fọ̀, ọmọ yìí. Ṣé góòlù ló ń làágùn ni?”

Mo dákẹ́. Ó ní, “Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?” Mo ní mo wà ńbẹ̀, mà.

Èmi ti kọ́ nílé ẹ̀kọ́ pé wúrà kì í dípẹtà, mo wá gbà láìròó pé ó mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo mú wúrà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, mo kán omi sí i kíá: omi tẹ́ pẹrẹsẹ, igun rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé kà. Mo gbé irú rẹ̀ kan sílẹ̀ sórí tábìlì lásán, mo lọ jẹun ọ̀sán. Nígbà tí mo dé, omi ti ń kóra jọ lórí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ láàbù ló ṣe é: èéfín ọ̀rá, òórùn ìpara, ohun tí a ń mí síta. Wúrà tó mọ́ kì í yan ẹni tó máa gbà lálejò. Gbogbo ìgbà tí mo bá fọ wúrà tán tí mo sì dúró bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kí n tó kì í bọ inú ìgò, mo ti fi àga fún àlejò tí n kò pè. Thiol máa ń lé wọn kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bákan náà lójoojúmọ́, àwọn kúkúrú ni wọ́n sì máa ń dá dúró jù.

Ọ̀rọ̀ ìfọ̀ yìí ló fẹ́ gba ojú mi. Ohun tí wọ́n ń pè ní piranha la fi ń fọ wúrà nígbà náà: ìdá mẹ́ta ásíìdì sulphuric tó ki, ìran omi bátìrì mọ́tò, àti ìdá kan hydrogen peroxide. Ó máa ń hó fúnra rẹ̀ láìsí iná, ó sì máa ń jẹ ohunkóhun tó bá ní ọ̀rá bí ẹja tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́jọ́ kan, mo fi acetone, ohun tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì, ṣan ẹ̀mú mi, mo sì fẹ́ fi ẹ̀mú náà mú wúrà jáde nínú piranha. Ẹ̀mú ṣì tutù. Ọmọ Pólàńdì kan tó wà lẹ́yìn mi di ọrùn ọwọ́ mi mú gírígírí, kò sọ nǹkan kan, ó ṣáà ń mi orí. Acetone àti piranha pàdé, ó lè bú gbàù ni. Ọwọ́ mi nínú ìbọ̀wọ́ làágùn débi pé nígbà tí mo bọ́ ọ, omi kán sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò lo piranha mọ́ bí mo bá ti lè rí ọ̀nà míràn. Àpótí ìmọ́lẹ̀ UV tó ń dá ozone sílẹ̀ ni mò ń lò, ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà mo máa ń rẹ wúrà sínú ethanol kí ìpele ọ́síjìn tí ozone dá sílẹ̀ lè kúrò, ó di inú ìgò tààrà. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn láàárín méjèèjì. Wọ́n ti mọ̀ mí sí i.

Nígbà tí nọ́ńbà mi dúró síbi kan, 75, 76, 74, mo gbé e lọ fún ọ̀gá bí ẹni gbé èsì ìdánwò lọ fún bàbá rẹ̀. Ó yìn mí. Ó wá ní, “Báwo lo ṣe mọ̀ pé wọ́n dàpọ̀?”

Ìbéèrè yìí bí mi nínú, kí n má parọ́. Ṣe kì í ṣe ìdajì ìdajì náà ni? Mo lọ rò ó. Omi ẹyọ kan fẹ̀ tó mílímítà méjì, mólékúlù ò tó nánómítà kan ní fífẹ̀. Ẹ̀kán omi ń bi ọ̀pọ̀ tírílíọ̀nù mólékúlù léèrè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń pín ìdáhùn wọn lórí ọgbọọgba. Bí Agùntáṣọọ́lò àti Kúkúrú bá jókòó ọ̀kan-ò-jọ̀kan, ó lè ka 75. Bí gbogbo Agùntáṣọọ́lò bá kóra jọ sí agboolé tiwọn, tí Kúkúrú náà kóra jọ sí tiwọn, ó tún lè ka 75. Fún DNA, ọ̀run àti ayé ni ìyàtọ̀ méjèèjì. Ẹgbẹ́ olùwádìí Paul Weiss ní Penn State ti fi STM, máíkíróskóòpù tó lè fi mólékúlù kọ̀ọ̀kan hàn, wo irú nǹkan yìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1994: thiol méjì tí gígùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, orí wọn nìkan ni kò jọra, síbẹ̀ wọ́n pín ara wọn sí erékùṣù kéékèèké lórí wúrà. Bí àwọn tó dọ́gba bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa oníkábọ̀n 18 àti oníkábọ̀n mẹ́fà?

A ò ní STM tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dún yẹn. Ohun tí a ní ni iná mànàmáná àti potassium hydroxide, tó jẹ́ ìbátan omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, àmọ́ tó le ju u lọ fíìfíì. Bí ẹ bá ki wúrà bọ inú rẹ̀, tí ẹ sì ń fa fóòtéèjì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ síhà òdì, ó máa dé ibì kan tí imí ọjọ́ á jáwọ́ lára wúrà, iná á sì fò sókè lórí ìlà bí òkè kékeré. Àwọn kúkúrú ń tètè jáwọ́. Àwọn gígùn ń di ara wọn mú, ó dìgbà tí ẹ bá fà á jìnnà kí wọ́n tó lọ. Bí wọ́n bá dàpọ̀ dáadáa, wọ́n á jọ lọ, òkè kan ni ẹ máa rí. Bí kálukú bá wà ní agboolé tirẹ̀, kálukú á lọ nígbà tirẹ̀.

Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà lálẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo èèyàn ti lọ sílé. Ìlà ń yọ díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Òkè kan yọ, ó wálẹ̀. Mo ti ń mí kanlẹ̀. Ìlà ń lọ gbọọrọ fún ìgbà díẹ̀, àfi bí òkè kejì ṣe gbérí, tó rí gbọngbọn, tó sì dá dúró gedegbe sí àkọ́kọ́. 75 mi tó dára yẹn, abúlé méjì ni. Mo ya fọ́tò rẹ̀ sí fóònù, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ibi tí a ti gbà jáde ni pé ká má mú àwọn tí gígùn wọn jìnnà síra bẹ́ẹ̀. A pààrọ̀ Agùntáṣọọ́lò sí ẹni tí kò fi gígùn ju Kúkúrú lọ púpọ̀, òkè méjì sì súnmọ́ra títí wọ́n fi di ọ̀kan. Ó rọrùn láti kọ báyìí. Oṣù mẹ́rin ni.

Kérésìmesì ọdún tó tẹ̀ lé e wọlé, mo lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti rẹ̀ mí dé ojú eegun. Lọ́jọ́ kejì ọdún, mo ní kó sìn mí lọ sí Clapham Common, kì í ṣe ibi tó jìnnà. Odò kékeré kan wà níbẹ̀. Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ mànàmáná, da òróró ṣíbí tíì kan sórí odò kan ní Clapham lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, òróró náà sì tàn títí ó fi mú ìgbì dákẹ́ lórí ìwọ̀n ìdajì éékà. Ó kọ ọ́ jáde ní 1774. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ṣíbí tíì bá gba mílílítà márùn-ún, tí ìdajì éékà sì jẹ́ nǹkan bí 2,000 mítà níbùú lóròó, nínípọn òróró yẹn kò ju nánómítà méjì àtààbọ̀ lọ. Ìwọ̀n awọ Agùntáṣọọ́lò gẹ́lẹ́ nìyẹn, bí ẹní ta sí i! Ó tún ju 170 ọdún lọ kí Zisman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó tẹ awọ bẹ́ẹ̀ sórí irin platinum ní 1946, ó sì di 1983 kí Nuzzo àti Allara tó fi imí ọjọ́ dè é mọ́ wúrà. Mo ń ṣàlàyé gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi nínú òtútù. Ó ní, “Ó dáa. Ṣé a lè máa lọ sílé báyìí?”

Àmọ́ bí mo ṣe ń wo odò, àwọn wúrà mi tó dára jù wà nínú dúrọ́ọ̀ ní láàbù, nínú páálí lásán, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wọn. Mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ṣan ọ̀kan pẹ̀lú ethanol, mo kán omi sí i, iye rẹ̀ ò jọ ti tẹ́lẹ̀ rárá. A gbé e lọ sí ẹ̀rọ XPS, èyí tó ń fi X-ray lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde láti mọ ipò tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà. Imí ọjọ́ tó di wúrà mú máa ń hàn ní ojú àmì 162 lórí ìlà rẹ̀. Tèmi ní ìwọ̀nba ní 162, ó sì ní òkè ńlá míràn ní 168: imí ọjọ́ tó ti gba ọ́síjìn, tó ti jáwọ́, tó kàn gbára lé orí wúrà lásán. Ethanol tí mo fi ṣan án ti gbé apá kan lọ. Ozone inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́ báyẹn, díẹ̀ tó wà nínú ilé lásán ti tó. Dúrọ́ọ̀ mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oní-lesa kan, irú èyí tó ń tú ozone jáde bó bá ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yan ibẹ̀ nítorí pé ó móoru.

Ní báyìí, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé iṣẹ́ mi pín sí méjì. Lápá òsì mo kọ “nínú ìgò”, lápá ọ̀tún “lórí wúrà”. Apá òsì máa ń kún lọ́jọ́ tí mo bá po nǹkan. Apá ọ̀tún máa ń ṣófo, nígbà míì fún ọ̀sẹ̀ kan, títí omi, iná àti X-ray yóò fi sọ tiwọn. Mo rí i nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń kọ ìwọ̀n inú ìgò, tí wọ́n á sì máa pè é ní ìwọ̀n orí wúrà. Ó máa ń bí mi nínú, bí ẹni pé wọ́n fi owó mi ṣe é.

Ọmọ Ìbàdàn kan dé sí láàbù wa lọ́dún yìí. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, ara sì tù mí láti gbọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo po wọ́n ní ìdajì ìdajì o, gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.” Mo ní ó dáa, kó kán omi sí i ká wò ó. Ó kán an. Kọ̀ǹpútà ka 104. Ó dúró díẹ̀, ó wá na ọwọ́ mú ìgò, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó láti ìdí.